Bọ̀ọ̀dá Dídán àti Ojú Tí Kò Lẹ́yìn

Ẹ bá mi kí Bọ̀ọ̀dá Dídán, ọkọ kọ̀ǹpútà, afọ́nnu-má-sinmi, a-rí-dígí-gbàgbé-iṣẹ́! Àwa tá a jọ wà lọ́fíìsì la sọ ọ́ lórúkọ yẹn. Kó tó tan kọ̀ǹpútà láàárọ̀, á kọ́kọ́ fi gíláàsì rẹ̀ ṣe dígí, á tún táì ṣe.

Iléèwòsàn kan ní ká ṣe ìkànnì tí aláìsàn á ti máa gba àyè láti rí dókítà. Alága wa ní ẹni tíṣẹ́ rẹ̀ bá wù wọ́n jù ló máa di olórí ẹ̀ka. Ìyá Ìbejì, táwa náà jọ ń ṣiṣẹ́, ti ń retí ipò yẹn tipẹ́. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n ti gbé e fẹ́lòmíì lójú ẹ̀.

Òun ló ní ká ya iṣẹ́ náà sọ́tọ̀ sí méjì. Ojú ìkànnì, tí aláìsàn ń rí, kó dá wà. Ẹ̀yìn rẹ̀, tó ń gba ìbéèrè, tó ń wá dókítà tó ráyè, kó dá wà. Dídán mú ojú, Ìyá Ìbejì mú ẹ̀yìn.

Àṣé ojúkòkòrò ò jẹ́ kí bọ̀ọ̀dá yìí sùn. Ó ní ta ló ń wo ẹ̀yìn. Nígbà tó ku ọ̀la tá a máa fi iṣẹ́ hàn, ó já ojú kúrò lára ẹ̀yìn, ó wá lẹ ìdáhùn kan tó rí nígbà ìdánwò mọ́jú ìkànnì pátápátá, kó lè máa jáde kíá fún ẹnikẹ́ni tó bá béèrè, láìnílò ẹ̀yìn mọ́. Kò tiẹ̀ kà á. Àwọ̀ rẹ̀ ló ń wò.

Ọjọ́ pé, gbọ̀ngàn kún. Dídán ní òun nìkan ló ṣe gbogbo ẹ̀, tojú tẹ̀yìn. Dókítà àgbà iléèwòsàn mú fóònù, ó ní kóun fi gbàyè fún ìyá òun tójú ń dùn. Kíá, ìdáhùn dé, ó ń dán gbinrin.

Dókítà àgbà náà kà á sókè: "Ẹ máa bọ̀ láago mẹ́sàn-án ọ̀la, lọ́dọ̀ dókítà aboyún." Ó gbójú sókè. "Ìyá mi ti lé lọ́gọ́rin ọdún."

Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá ń tẹ fóònù. Ẹlẹ́sẹ̀ dídùn, dókítà aboyún. Ẹni tórí ń fọ́, dókítà aboyún. Alága wa, tíkùn rẹ̀ máa ń ṣáájú rẹ̀ wọlé, tẹ tiẹ̀ náà. Nígbà tó rí ìdáhùn, ó rọra fọwọ́ bo ikùn.

Dídán ní nẹ́tíwọ̀kì ni. Òógùn ti bo táì. Alága yíjú sí Ìyá Ìbejì, ó ní kí ló dé.

Ìyá Ìbejì ní, "Ẹ̀yìn ti ń dúró de ìbéèrè látàárọ̀, sà. Ẹnì kan ò bi í. Mo ní ká yà wọ́n sọ́tọ̀ ni, mi ò ní kí wọ́n má bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́."

Ó jókòó, ó so ojú padà mọ́ ẹ̀yìn. Dókítà àgbà tún tẹ̀ ẹ́: dókítà ojú, ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n ti fi Ìyá Ìbejì jolórí, inú mi sì dùn dọ́ba.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Dídán yọ́ wọlé, kò wo dígí. Aago mẹ́sàn-án lù. Olórí ẹ̀ka tuntun wò ó, ó fohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ mà ti ń pẹ́. Dókítà yín ń retí yín."