Akọ Ajá Tí Kò Tíì Ṣe É Rí

Ọ̀gbẹ́ni Jọláyẹmí, tó ń sin tòlótòló ní Inisa, kò ní ajá. Kò tilẹ̀ sin ín rí láyé. Ọmọbìnrin ló ní, Kíkẹ́lọmọ, tó ní Ayọ̀díjí ọmọ Ìkìrun lòun máa fẹ́. Ta ní í fi ọmọ fún ilé tí kò mọ̀? Ẹ̀yìnkùlé la ti í yọ́ ìdílé ọkọ wò, kí wọ́n tó múra dè wá. Bàbá wọ ọkọ̀, ó dé Ìkìrun, ó ń rìn lọ rìn bọ̀ níwájú ilé wọn, kò mọ irọ́ tí yóò pa wọlé. Ló bá rí pátákó lára géètì: AKỌ AJÁ WÀ FÚN ẸNI TÓ FẸ́ ỌMỌ AJÁ. KÒ TÍÌ ṢE É RÍ. Ẹ WỌLÉ KÍ Á SỌ̀RỌ̀. Ó ní Ọlọ́run ló ṣe é.

Màmá Keziah, ìyá Ayọ̀díjí, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, fún un ní àga lábẹ́ igi máńgòrò. Táígà, ajá òyìnbó ńlá kan, sá sẹ́yìn ìyá, ó ń yọjú wo àlejò.

JỌLÁYẸMÍ: Ẹ kú ilé o, Màmá. Mo rí pátákó yín. Mo ní abo ajá kan nílé.

MÀMÁ: Ẹ káàbọ̀. Kí n tó fún yín lómi, kí n sọ òótọ́. Táígà kò mọ nǹkan kan. Wọ́n mú abo kan wá láti Òkukù nígbà ọdún Àjíǹde. Orí ló lọ gùn. Abo yẹn gbó mọ́ ọn lẹ́ẹ̀kan, ó sá wọ abẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi.

JỌLÁYẸMÍ: Ọ̀dọ̀ ìyá ló máa ń sá wá?

MÀMÁ: Tí ọ̀rọ̀ bá le.

(Jọláyẹmí wo Táígà títí. Táígà gbé ojú kúrò.)

JỌLÁYẸMÍ: Ṣé bí gbogbo ọkùnrin ilé yìí ṣe rí nìyẹn?

MÀMÁ: Òun nìkan ni akọ ajá tó wà níbí.

JỌLÁYẸMÍ: Bàbá rẹ̀ ńkọ́? Ṣé kì í lu ìyàwó?

MÀMÁ: Ìlú Ìbà ni bàbá rẹ̀ wà. Kò bu ẹnikẹ́ni jẹ rí. Ẹ ṣeun tí ẹ béèrè, àwọn mìíràn á kàn fa ajá wọlé. Ó ti kan èmi náà. Tiyín ti bímọ rí?

JỌLÁYẸMÍ: Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ tí mo fi ọwọ́ ara mi tọ́!

MÀMÁ: Ajá ni mo ní.

JỌLÁYẸMÍ: Ajá. Bẹ́ẹ̀ ni. Kò tíì bímọ.

MÀMÁ: Wàhálà nìyẹn. Abo tó ti bímọ rí ni mo fẹ́ fún Táígà, èyí tó máa ní sùúrù fún un. Bí méjèèjì ò bá mọ̀ ọ́n, ta ni yóò kọ́ ta? Ọmọ ọdún mélòó ni?

JỌLÁYẸMÍ: Mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

MÀMÁ: Ajá?

JỌLÁYẸMÍ: Oṣù. Oṣù mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n.

MÀMÁ: Ó ti ń wá akọ?

JỌLÁYẸMÍ: Ó ti rí ọ̀kan. Kò tilẹ̀ bi mí.

MÀMÁ: Ṣé dókítà ẹran ti yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò?

JỌLÁYẸMÍ: AA ni. Tiyín ńkọ́?

MÀMÁ: Àrùn tí ajá ń kó ran ara wọn ni mò ń béèrè. Táígà ti ṣe àyẹ̀wò, ó ti gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Abo ló máa ń wá bá akọ nílé.

JỌLÁYẸMÍ: Ìyẹn bójú mu. Ṣé ọ̀dọ̀ yín níbí ni yóò wá máa gbé?

MÀMÁ: Rárá o. Tí wọ́n bá ti ṣe tán, kó máa lọ sílé rẹ̀. Ara mi kò gbà á.

JỌLÁYẸMÍ (ó mí kanlẹ̀): Ẹ ṣeun, Màmá.

MÀMÁ: Kò sí èrò ìwòran. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ di abo mú tipátipá. Bí Táígà bá sì ní òun ò ṣe, kò sí ìjà. Bí ọmọ bá dé, mo fẹ́ mọ ilé tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń lọ. N kì í gbẹ̀bí kí n má béèrè ẹni tó máa tọ́ ọmọ.

(Ọ̀rọ̀ náà wọ Jọláyẹmí lára débi pé ó gbàgbé irọ́ tó pa wọlé.)

JỌLÁYẸMÍ: Màmá Ayọ̀díjí, tí ìjà bá wá bẹ́ láàárín wọn, ẹ̀yìn ta lẹ máa wà?

MÀMÁ: Ta ló sọ orúkọ ọmọ mi fún yín?

JỌLÁYẸMÍ: Ó wà lára pátákó.

MÀMÁ: Kò sí lára pátákó.

JỌLÁYẸMÍ: Ojú yín ló jọ ojú ìyá Ayọ̀díjí.

(Màmá rọra bu omi fún un.)

MÀMÁ: Ẹ mu omi. Kí lorúkọ ajá yín?

JỌLÁYẸMÍ (ó ti rẹ̀ ẹ́): Kíkẹ́lọmọ.

MÀMÁ: Tó ń ṣiṣẹ́ ní báńkì n'Íbàdàn?

JỌLÁYẸMÍ: Òun ni.

MÀMÁ: Bàbá Kíkẹ́lọmọ, ẹ ò ní ajá.

JỌLÁYẸMÍ: Mi ò ní ajá, Màmá. Ẹ má bínú. Òun nìkan ni Ọlọ́run fún mi, ẹ̀rù ilé tó ń lọ ló ń bà mí.

MÀMÁ: Kí lẹ wá rí?

JỌLÁYẸMÍ: Ẹni tó ń ṣe báyìí lórí ajá, kò ní fìyà jẹ ọmọ mi. Ọkàn mi ti balẹ̀. Ojú ló kàn ń tì mí. Irú àgbàlagbà wo ní í jókòó sílé onílé tí yóò máa purọ́ ajá?

(Màmá wúkọ́ díẹ̀. Ó ń fọwọ́ ra Táígà lórí.)

MÀMÁ: Àwọn tòlótòló yín ńkọ́?

JỌLÁYẸMÍ: Wọ́n wà dáad... Tòlótòló? Ẹ̀yin ni obìnrin tó wá sílé wa níjọ́sí, tí mi ò sí nílé! Tí kò ra nǹkan kan!

MÀMÁ: Ó wọ́n.

JỌLÁYẸMÍ: Màmá, ìyàwó mi ní ẹ bi òun bóyá tòlótòló yẹn máa ń kúnlẹ̀ kí ìyá ọkọ!

MÀMÁ: Kò sì dá mi lóhùn títí mo fi lọ. Ṣé ó máa ń kúnlẹ̀ àbí kì í kúnlẹ̀?