Ìpàtẹ Dókítà Ọlọ́nàdé àti Ilẹ̀kùn tí Kò Sí Nílé

Ẹ̀yin tí ẹ ń pa á lówe pé ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ta ló sọ ibi tó ti ṣẹ̀ fún yín? Ẹ má wulẹ̀ dáhùn. Ẹ ó ní ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni, pé ohun tí a kọ́ ọmọ nílé ló máa ń mú dé ìta. Irọ́ kọ́, àmọ́ kì í ṣe ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀dọ̀ agbẹ́gilére kan ló ti bẹ̀rẹ̀, ní yunifásítì kan tí n kò ní dárúkọ, nítorí ojú ṣì ń tì wọ́n níbẹ̀.

Dókítà Ọlọ́nàdé lorúkọ rẹ̀. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ère gbígbẹ́. Àwọn tó kọ́ ti di Ọ̀jọ̀gbọ́n, òun ṣì jẹ́ Dókítà. Tí wọ́n bá pàdé rẹ̀ lọ́nà, wọn a dọ̀bálẹ̀ kí i, òun náà a ní, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé dáadáa ni?" Ẹ̀rín ló máa ń rín sí wọn, ṣùgbọ́n ó ń dùn ún dé egungun.

Ìpàtẹ ló dè é mọ́lẹ̀. Òfin ibẹ̀ ni pé agbẹ́gilére tó bá fẹ́ di Ọ̀jọ̀gbọ́n gbọ́dọ̀ pàtẹ iṣẹ́ mẹ́wàá, kí àgbà kan láti yunifásítì mìíràn wá wò wọ́n. Ọlọ́nàdé ti pàtẹ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, òjò rọ̀, àlejò mẹ́ta sì fi agboòrùn wọn kọ́ ère gàgàrà tó pè ní "Ìrònú Ayé" lọ́rùn. Nígbà kejì, ó so páìpù mọ́ páìpù, ó pè é ní "Ọ̀la". Ẹni tó wá tún ẹ̀rọ omi ṣe ti tú Ọ̀la palẹ̀ kó tó di ọ̀sán, ó ní láti ọjọ́ tí òun ti ń ṣiṣẹ́, òun kò rí irú ìsokúso bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni wọ́n dá ìwé ìgbéga rẹ̀ padà. Ó wá ku ọdún kan péré kó fẹ̀yìn tì. Bí ẹ̀ẹ̀kẹta yìí bá tún bọ́, Dókítà ni yóò gbé lọ sílé.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n má baà gbàgbé: ọkùnrin yìí mọ igi gbẹ́. Ilé agbẹ́gi ni wọ́n bí i sí. Gbogbo nǹkan tí ìyàwó rẹ̀, Ìyá Ọnàwùmí, ń lò nílé, òun ló gbẹ́ ẹ: odó, àpótí ìdáná, orógùn, òòyà, títí dé ilẹ̀kùn àbáwọlé tó gbẹ́ ẹyẹ àti ẹja sí lára nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra. Ṣùgbọ́n ẹ má pè é níṣẹ́ ọnà o. Yóò bínú. "Ọnà bí ti báwo? Ohun èlò ni. Ọwọ́ mi dilẹ̀ ni mo ṣe gbẹ́ ẹ." Lójú tirẹ̀, nǹkan tó bá ti wúlò kò lè jẹ́ ọnà mọ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, idẹ ló ní òun fẹ́ lò. Ìda ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń fi mọ ère idẹ. Wọn a fi amọ̀ bò ó, wọn a yọ ìda náà jáde lórí iná, wọn a wá da idẹ yíyọ́ sí àyè rẹ̀. Ọlọ́nàdé mọ ère ìda mẹ́wàá, wọ́n sì dára lóòótọ́. Ó tún imú èyí ṣe, ó tún etí tọ̀hún ṣe, ìgbà tí yóò fi gbójú sókè, ìpàtẹ ku ọ̀sẹ̀ kan. Alágbẹ̀dẹ ní oṣù méjì ni òun yóò fi da idẹ náà. Ni Dókítà bá ra ọ̀dà aláwọ̀ idẹ, ó kùn wọ́n yí ká.

Ìyàwó rẹ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó. "Bàbá Ọnàwùmí, ṣé ìda lẹ fẹ́ gbé lọ síwájú àgbà ọ̀jọ̀gbọ́n?"

"Ta ni yóò fọwọ́ kàn án? Ojú ni wọ́n fi ń wo ère."

"Ẹ rántí pé oòrùn Ẹrẹ́nà là ń bá yí o."

Ó tún ki búrọ́ọ̀ṣì bọ inú ọ̀dà.

Ọjọ́ Jímọ̀ ni ìpàtẹ. Aago méjìlá ọ̀sán ni lọ́rì gúnlẹ̀ síwájú gbọ̀ngàn, tapólì dúdú ni Ọlọ́nàdé fi bo àwọn ère kí eruku má baà bà wọ́n. Ilẹ̀kùn gbọ̀ngàn wà ní títì. Bàbá Súnmọ́nù tó ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ti lọ kí Jímọ̀, ẹni tó bá sì mọ Bàbá Súnmọ́nù mọ̀ pé tó bá kírun tán, yóò kí gbogbo ẹni tó bá a kírun, yóò béèrè ìyá wọn, yóò béèrè ọmọ wọn. Ọlọ́nàdé jókòó sábẹ́ igi máńgòrò, ó ń ka ọ̀rọ̀ ìdúpẹ́ tó máa sọ. Aago mẹ́ta lu kí Bàbá tó dé.

Wọ́n ká tapólì kúrò. Ère tó ń jẹ́ "Akọni Kì í Tẹ̀" ti tẹ̀, ó ti gbórí lé orúnkún bí ẹni tó ń wá abẹ́rẹ́. Imú "Ọba Ayé" ti ṣàn dé ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn yòókù ti lẹ̀ mọ́ra, ọwọ́ àti etí nìkan ló ń yọ síta.

Bàbá Súnmọ́nù wò ó títí. "Dókítà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ṣé èyí lẹ pè ní 'Àjọṣepọ̀'?"

Omi lé sí Ọlọ́nàdé lójú. Aago márùn-ún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládàpọ̀ yóò dé. Ó pe ilé.

"Ìyá Ọnàwùmí, ó ti yọ́ o."

"Kí ló yọ́?"

"Èmi ni."

Obìnrin náà kò sọ pé ṣe bí òun ti wí. "Ẹ rán lọ́rì yẹn wá," ló ní.

Nígbà tí lọ́rì padà dé, Ìyá Ọnàwùmí ló jókòó síwájú. Ó ń sọ ẹrù kalẹ̀, Dókítà káwọ́ lérí. Odó, ọmọ odó méjì, àpótí ìdáná, orógùn, òòyà, ọpọ́n ayò, ìdérí àmù, àti ère obìnrin kan tó ti ń gbé okùn aṣọ dúró lẹ́yìnkùlé láti ọdún gbọọrọ.

"Orógùn! Ìwọ obìnrin yìí, ṣé o fẹ́ kí wọ́n lé mi ni?"

"Ẹ gbé e kalẹ̀. Àbí ẹ̀yin nìkan lẹ fẹ́ dúró kí wọ́n máa wò?"

Wọ́n kà á, mẹ́sàn-án ni. Ọlọ́nàdé jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ẹ dìde," ni ìyàwó rẹ̀ wí. "Ó ku ọ̀kan nínú ọkọ̀." Ilẹ̀kùn àbáwọlé ni.

"Ta ló wá ń ṣọ́ ilé?"

"Ọlọ́run."

Ọ̀jọ̀gbọ́n Ládàpọ̀ dé ní aago márùn-ún géérégé. Ó kéré ní ara, kì í sì í rẹ́rìn-ín. Ó rìn yí ká, ó dúró ti àpótí, ó fọwọ́ pa á. "Kí lẹ fi pa á lára tó fi ń dán báyìí?"

Dókítà wo ìyàwó rẹ̀.

"Ìdí mi ni, sà," ni Ìyá Ọnàwùmí wí. "Ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n."

Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Ó mú orógùn. "Dúdú ẹnu rẹ̀ yìí ńkọ́?"

"Ẹ̀kọ tó jóná ni. Ọjọ́ tí wọ́n dá ìwé ọkọ mi padà lẹ́ẹ̀kejì ni, sà. Mo gbàgbé ìkòkò lórí iná, mo ń sunkún."

Ọlọ́nàdé kò gbọ́ èyí rí. Ó yíjú sí ògiri. Ọ̀jọ̀gbọ́n dé ibi ilẹ̀kùn, ó wo ẹyẹ, ó wo ẹja, ó bọ́ awò ojú rẹ̀. "Dókítà, kí ni a fi ṣẹ̀ yín tí ẹ fi ń kó àwọn wọ̀nyí pamọ́ fún wa?"

Ọ̀rọ̀ ìbá tán síbẹ̀ ká ní kò sí òfin mìíràn: ohun tí a bá ti pàtẹ kò gbọdọ̀ kúrò ní gbọ̀ngàn fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Ebi kì í sì í ka òfin. Ní ìrọ̀lẹ́ kejì, Ìyá Ọnàwùmí di iṣu sísè sínú abọ́, ó gba gbọ̀ngàn lọ, ó gúnyán rẹ̀ lórí ìpàtẹ. Àwọn àlejò pàtẹ́wọ́. Wọ́n béèrè aago tí yóò tún ṣe é lọ́la. Nílé, Dókítà tẹ́ ẹní sẹ́nu ọ̀nà nítorí ewúrẹ́ aládùúgbò, òun fúnra rẹ̀ ló wá di ilẹ̀kùn.

Ibẹ̀ ló sùn sí ní ọ̀sán ọjọ́ kẹtàlá nígbà tí ìránṣẹ́ mú lẹ́tà dé, tí kò rí ilẹ̀kùn kàn, tó sì kan orí rẹ̀. Dókítà ka ìlà kan, ó fò sókè, ó di Ọ̀jọ̀gbọ́n. Ó sáré gba gbọ̀ngàn lọ, ilé ṣí sílẹ̀ gbayawu. Bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kúrò, ewúrẹ́ náà wọlé.

Ó bá ìyàwó rẹ̀ nídìí odó láàárín èrò. Ọ̀dọ́bìnrin kan ń bi í pé, "Mà, níbo lẹ ti kó àwọn nǹkan tó rẹwà báyìí?"

Ìyá Ọnàwùmí wo ọkọ rẹ̀, ó wo lẹ́tà lọ́wọ́ rẹ̀, ó rí i pé kò sẹ́ni tó dúró sẹ́nu ọ̀nà mọ́. Ó gbé ọmọ odó sókè.

"Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ọmọ mi. Ewúrẹ́ nìkan ló kù síbẹ̀ báyìí."