Ìpàdé Lórí Ọmọ Tí Bùkọ́lá Kò Tíì Lóyún Rẹ̀

Ẹjọ́ kan dé ààfin Baálẹ̀ lánàá, lábúlé kan lẹ́bàá Òkè-Ìlá, ẹjọ́ tí àwọn ìjòyè fi gbàgbé oorun ọ̀sán.

Ọ̀ṣúnbùkọ́lá ló pẹjọ́. Ó ti lé lọ́dún kan tí nọ́ọ̀sì ti sọ fún un pé kòkòrò éèdì wà nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rù ti bà á títí, ẹ̀rù náà ti sú u.

"Baálẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ni ẹbí ọkọ mi ṣèpàdé lórí bóyá kí n bímọ tàbí kí n má bí. Wọn ò pè mí sí ọ̀kankan."

Olúkúnlé, ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, alága ìpàdé, fò dìde. "Irọ́ ni! Ó wà níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ta ló gún iyán tá a jẹ?"

Baálẹ̀ bi í: "Kí lẹ wá fẹnu kò sí?"

"Pé kò gbọdọ̀ bímọ, Baálẹ̀."

"Ẹ ò pè é, ẹ sì ṣòfin fún un. Ìjọba ológun ni ilé yín ni?"

Sàrátù, ìyàwó Olúkúnlé, jẹ́rìí: "Èmi tiẹ̀ ti kìlọ̀ pé kẹ́nikẹ́ni má fọwọ́ kan abọ́ rẹ̀."

"Iyán tó gún ńkọ́?"

"Ìyẹn dùn, Baálẹ̀."

"Nọ́ọ̀sì ńkọ́, kí ló wí?"

Ọ̀ṣúnbùkọ́lá dáhùn: "Ó ní kòkòrò náà lè ran ọmọ, ṣùgbọ́n bí mo bá ń lo oògùn, ó lè má ràn án. Ó ní kí èmi àti ọkọ mi jọ wá ká sọ ọ́, kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ tiẹ̀ náà wò. Ọkọ mi kọ̀."

Adébóyè, ọkọ rẹ̀, tó ti fi ọdún mẹ́sàn-án wa ọkọ̀ l'Ékòó, họrí. "Baálẹ̀, ẹ sáà wo ojú mi. Ṣé ojú aláìsàn nìyí?"

"Ojú ni wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò l'Ékòó?"

Ààfin bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀ṣúnbùkọ́lá ò rẹ́rìn-ín.

Baálẹ̀ dájọ́: "Olúkúnlé, àwọn obìnrin agboolé yín yóò ṣèpàdé lórí bóyá ó tọ́ kí ìwọ tún bímọ. Ìwọ ni yóò gúnyán. Adébóyè, lọ́jọ́ Ajé, tẹ̀lé ìyàwó rẹ lọ sọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì. Bí o bá kọ̀, àwọn ìjòyè yóò gbé ọ gba àárín ọjà lọ."

Adébóyè béèrè: "Ta ni yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lọ́dọ̀ nọ́ọ̀sì, Baálẹ̀?"

"Ìyàwó rẹ. Ìwọ, máa gbọ́."

Lọ́nà ilé, Adébóyè yíjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó ní: "Bùkọ́lá, ṣé o tilẹ̀ fẹ́ ọmọ?"

Ọ̀ṣúnbùkọ́lá dúró. Ọdún kan gbáko, gbogbo ayé ló ti dáhùn ìbéèrè yẹn. Kò sẹ́ni tó bi í rí.

"Mo fẹ́ ẹ," ló wí. "Ẹ̀rù sì ń bà mí."

Adébóyè wo ilẹ̀. "Ó ń ba èmi náà."