Ilé Ẹ̀kọ́ Dókítà Tí Búrẹ́mọ̀ Kò Fẹ́

Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan ni, ní Ìdèrè, lọ́dún 1974. Búrẹ́mọ̀ jókòó sábẹ́ igi ọ̀dán iwájú ilé rẹ̀, ó ń gbẹ́ ẹ̀rúkọ́. Àgbẹ̀ ni, kò wọ ilé ìwé rí, ṣùgbọ́n kò sí ilé ìwé tí kò mọ àléébù rẹ̀. Àmínà ọmọ rẹ̀ jáde sí i pẹ̀lú lẹ́tà méjì lọ́wọ́ ọ̀tún, ìgò yíǹkì lọ́wọ́ òsì.

ÀMÍNÀ: Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ ti rò ó?

BÚRẸ́MỌ̀: Mo ti rò ó. Èkó.

ÀMÍNÀ: Àná lẹ sọ pé olè ló kún Èkó.

BÚRẸ́MỌ̀: Àná nìyẹn. Wọ́n lè ti kó wọn kúrò.

ÀMÍNÀ: Bàbá, ilé ẹ̀kọ́ dókítà méjèèjì ló gbà mí. Ti Ìbàdàn gbà mí, ti Èkó gbà mí. Ti Ìbàdàn lèmi fẹ́. Mọ́tò tó ń kó lẹ́tà á kúrò ní Ìgbó-Ọrà lọ́sàn-án òní, ọjọ́ tí wọ́n sì dá fún èsì kò ju Mọ́ńdè lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ àtàǹpàkò yín síbí. Tí kò bá sí ìka òbí níbẹ̀, wọ́n á fi àyè mi fún ẹlòmíràn.

BÚRẸ́MỌ̀: Mú ti Èkó wá, kí n fi ìka mẹ́wẹ̀ẹ̀wá tẹ̀ ẹ́.

ÀMÍNÀ: Kí ni Ìbàdàn ṣe fún yín?

BÚRẸ́MỌ̀: Kò ṣe nǹkan kan fún mi. Wọn ò mọ̀wé tó níbẹ̀ ni.

ÀMÍNÀ: Ní Ìbàdàn?

BÚRẸ́MỌ̀: Àwọn ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ dókítà tí wọ́n ń kó wá sí Ìgbó-Ọrà, ṣé kì í ṣe Ìbàdàn ni wọ́n ti ń wá?

ÀMÍNÀ: Ibẹ̀ ni.

BÚRẸ́MỌ̀: Ṣé wọn kì í yà sí Ìdèrè níbí, kí wọ́n máa ti ojúlé bọ́ sí ojúlé?

ÀMÍNÀ: Wọ́n ń yà.

BÚRẸ́MỌ̀: Ó dáa. Kí ni wọ́n ń ṣe? Ìbéèrè. "Bàbá, níbo lẹ ti ń pọn omi? Bàbá, kí lẹ jẹ lánàá? Bàbá, bí ìgbẹ́ bá ń gbọ̀n yín, ibo lẹ ń lọ?" Odindi ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ! Tó bá jẹ́ pé wọ́n mọ̀ ọ́n, kí ló dé tí wọ́n ń bi èmi?

ÀMÍNÀ: Bí wọ́n ṣe ń kọ́ iṣẹ́ nìyẹn. Dókítà gbọ́dọ̀ mọ bí èèyàn ṣe ń gbé kó tó mọ ohun tó ń ṣe é.

BÚRẸ́MỌ̀: Àwọn ti Èkó ńkọ́? Ṣé wọ́n ti bi mí ní ìbéèrè kan rí?

ÀMÍNÀ: Wọn ò wá síbí rí.

BÚRẸ́MỌ̀: O rí i? Wọ́n ti mọ̀ ọ́n.

Ó tẹra mọ́ ẹ̀rúkọ́ rẹ̀. Àmínà mí kanlẹ̀, ó tún bá ọ̀nà mìíràn wọlé.

ÀMÍNÀ: Ìbàdàn súnmọ́ ilé. Mo lè máa wá wò yín lóṣooṣù.

BÚRẸ́MỌ̀: Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Ọmọ Akínladé tó lọ kàwé ní Èrúwà, tí kò jìnnà, ọbẹ̀ ìyá rẹ̀ nìkan ló kà parí.

ÀMÍNÀ: Tó bá sì yá, wọ́n á kó èmi náà wá sí Ìgbó-Ọrà fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Èmi náà á yà sí Ìdèrè.

Ọ̀bẹ Búrẹ́mọ̀ dúró lórí igi.

BÚRẸ́MỌ̀: Ìdèrè níbí?

ÀMÍNÀ: Níbí.

BÚRẸ́MỌ̀: Ojúlé dé ojúlé?

ÀMÍNÀ: Pẹ̀lú bébà lọ́wọ́.

BÚRẸ́MỌ̀: Bébà yẹn, ṣé tuntun ni wọ́n ń mú wá, àbí ti tẹ́lẹ̀?

ÀMÍNÀ: Ti tẹ́lẹ̀ ni. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára ògiri wa yẹn, ìwé tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Ẹni tó bá dé á ka ohun tí ẹni ìṣáájú kọ, á sì kọ tirẹ̀ lé e.

BÚRẸ́MỌ̀: Wọn kì í jó o níná?

ÀMÍNÀ: Kí ni wọ́n á jó o fún?

BÚRẸ́MỌ̀: Èkó, Àmínà. Wọ́n ní atẹ́gùn òkun dára fún ẹni tó ń kàwé.

ÀMÍNÀ: Bàbá, kí lẹ sọ fún àwọn èèyàn yìí?

BÚRẸ́MỌ̀: Ọdún tí wọ́n kọ́kọ́ dé ilé yìí, ọdún tí ọ̀rọ̀ owó orí dìjà ni, tí àgbẹ̀ ń sá wọgbó. Sòbìà dá mi jókòó, kò jẹ́ kí n lè fẹsẹ̀ tẹlẹ̀. Ẹ̀yin wà nílé ìwé, àwọn ìyá yín wà lọ́jà. Ni mo bá rí ọmọkùnrin kan tó wọ ṣòkòtò péńpé, ó mú bébà lọ́wọ́. Ó ní, "Bàbá, èèyàn mélòó ló ń gbé inú ilé yìí?" Tó bá jẹ́ ìwọ, ta lo máa pè é?

ÀMÍNÀ: Agbowó orí.

BÚRẸ́MỌ̀: Ọlọ́run á jẹ́ kí o pẹ́ láyé. Ó tún ní, "Ọmọ mélòó lẹ bí?" A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ, òun ní kí ọlọ́mọ fi ẹnu ara rẹ̀ kà á!

ÀMÍNÀ: Ẹ wá ní mélòó?

BÚRẸ́MỌ̀: Mi ò kà á.

ÀMÍNÀ: Bàbá.

BÚRẸ́MỌ̀: Mo ní mi ò bímọ.

ÀMÍNÀ: Ẹ ò bímọ! Pẹ̀lú àwa mẹ́sà...

BÚRẸ́MỌ̀: Má kà á síta!

ÀMÍNÀ: Àwọn ìyá wa méjèèjì ńkọ́?

BÚRẸ́MỌ̀: Mo ní mi ò níyàwó. Wọn á béèrè ibi tí ọmọ ìyàwó méjì wọlé sí. Irọ́ tí kò bá tò kì í dúró.

ÀMÍNÀ: Ẹ ò wá sọ òtítọ́ nígbà tí wọ́n padà wá?

BÚRẸ́MỌ̀: Mo fẹ́ sọ ọ́, wàláhì. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin ló wá lọ́dún kejì. Ó ka bébà tán, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní, "Bàbá, ẹ̀yin nìkan ṣoṣo?" Kí n tó la ẹnu, ó ti lọ, ó sì gbé mílíìkì agolo mẹ́fà dé.

ÀMÍNÀ: Mílíìkì tí a fi ṣínu nígbà ààwẹ̀? Ẹ ní Àlàájì kan ló fi ṣe sàráà.

BÚRẸ́MỌ̀: Sàráà náà ni. Ẹni tó ṣe é ni kò tíì lọ Mẹ́kà.

ÀMÍNÀ: Búláńkẹ́ẹ̀tì tí Hàlímọ̀ àbúrò mi ń fi bora?

BÚRẸ́MỌ̀: Ti ọdún kẹta.

ÀMÍNÀ: Rédíò?

BÚRẸ́MỌ̀: Èmi ni mo ra rédíò. Má kó gbogbo ẹrù mi mọ́ ọn.

ÀMÍNÀ: Ọjọ́ tí wọ́n bá wa nílé ńkọ́?

BÚRẸ́MỌ̀: Mo ní ọmọ àdúgbò ni yín, ẹ wá kí mi. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn ará àdúgbò mi láàánú púpọ̀.

Àmínà rọra jókòó sórí gbòǹgbò igi.

ÀMÍNÀ: Lọ́dún tó kọjá, ọ̀kan nínú wọn sọ fún mi ní Ìgbó-Ọrà pé bàbá kan wà ní Ìdèrè tí kò lẹ́nì kankan. Mo sunkún, Bàbá. Mo fún un ní ẹyin adìyẹ mẹ́rin kó bá mi gbé e fún bàbá náà.

BÚRẸ́MỌ̀: Ọ̀kan ti fọ́ kó tó dé. Àwọn tó kù dùn.

Ẹ̀rúkọ́ ti tín-ín-rín lọ́wọ́ Búrẹ́mọ̀, kò lè ro ilẹ̀ kankan mọ́.

BÚRẸ́MỌ̀: O wá rí i. Bí o bá lọ Ìbàdàn, ọjọ́ kan á jọ́kan, wọ́n á kó ọ dé iwájú ilé yìí. Wọ́n á ní, "Àmínà, wo bàbá tí kò bímọ." Tí o bá ní èmi ni mo bí ọ, mo di òpùrọ́ lójú gbogbo wọn. Tí o bá sì dákẹ́...

ÀMÍNÀ: Tí mo bá dákẹ́ ńkọ́?

BÚRẸ́MỌ̀: Ó máa dùn mí gan-an ni.

ÀMÍNÀ: Mi ò ní dákẹ́. Bàbá, ẹ gbọ́. Ọdọọdún ni sòbìà tó ń ti inú omi mímu wọra ń dá yín jókòó, ẹ̀yin àti ìdajì Ìdèrè. Èmi fẹ́ kọ́ bí a ṣe ń lé e lọ. Àwọn tó ń jókòó ti èèyàn wa béèrè omi tí wọ́n ń mu ni mo fẹ́ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Bí mo bá lọ Èkó, mo lè di dókítà, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà mí pé mi ò ní padà síbí.

Búrẹ́mọ̀ wo ọmọ rẹ̀ títí. Ó gbé ọ̀bẹ sílẹ̀, ó fi oríkì pè é.

BÚRẸ́MỌ̀: Àṣàkẹ́. Gbé yíǹkì wá.

Ó tẹ àtàǹpàkò mọ́ lẹ́tà Ìbàdàn bí ẹni ń pa kòkòrò. Àmínà kúnlẹ̀, ó dúpẹ́, omi lé ròrò sí i lójú. Ó yí bébà náà padà.

ÀMÍNÀ: Ó ku ibì kan. Wọ́n ní, "Ọmọ mélòó ni òbí bí?"

BÚRẸ́MỌ̀: Wọ́n tún ti dé!

ÀMÍNÀ: Bàbá, òtítọ́ la máa kọ lọ́tẹ̀ yìí.

BÚRẸ́MỌ̀: Òtítọ́ ni. Kọ ọ̀kan. Àwọn yòókù, bí yunifásítì bá ṣe ń gbà wọ́n la ó máa bí wọn.