Kóòṣì Oníbàtà Táyà ní Àgbàlá Bàbá Aneesah

Nígbà ìkẹyìn tí Àmúdàtù gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀, ọ̀rọ̀ òjò ni ọkùnrin náà ń sọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ọsibítù ló ti pè é lórí fóònù. Kò béèrè oúnjẹ, kò béèrè aṣọ.

"Ìyá Aneesah, ṣé òjò ti rọ̀ níbẹ̀? Ṣé omi ń ṣàn jáde nínú àgbàlá dáadáa?"

"Ó ń ṣàn, Bàbá Aneesah. Ẹ sinmi."

"Hẹn-ẹn. Mo mọ̀."

Fóònù dákẹ́. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, Yẹ̀kínnì ọkọ rẹ̀ náà ti dákẹ́.

Bíríkìlà ni Yẹ̀kínnì nígbà ayé rẹ̀, kì í sì í ṣe bíríkìlà gbà-jẹ́-n-sinmi. Ilé onílé ló fi ọjọ́ ayé rẹ̀ kọ́, ṣùgbọ́n nígbà tó kan àgbàlá tirẹ̀ ní Pápá Àjàó, níbi tó ti ń yọ búlọ́ọ̀kù, ó fi símẹ́ńtì rẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ débi pé bí abẹ́rẹ́ bá bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀, arúgbó tí kò ríran dáadáa á rí i he. Títì Mushin lu jákujàku, ṣùgbọ́n àgbàlá Yẹ̀kínnì ń dán bí àwo tángaran. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, búlọ́ọ̀kù tó kù lọ, àwọn òṣìṣẹ́ lọ, àgbàlá ṣófo. Aneesah ti wà nílé ọkọ. Àmúdàtù nìkan ló kù, ó ń gbá ilẹ̀ náà láràárọ̀ bí ẹni pé bàálé ń bọ̀ wá yẹ̀ ẹ́ wò.

Wọ́n ní ibi tí oyin bá kán sí, eèrà kì í béèrè ọ̀nà. Eèrà tiwa yìí, Yábàá ló ti wá. Sylvester lorúkọ rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kí i dáadáa kí ó má baà bínú. Sylvester, kóòṣì àwọn kóòṣì! Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ orí táyà! Asáré-bí-ìjì-láìkúrò-lójú-kan! Rí-dígí-má-lè-kọjá! Bí ó bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mọ́tò, á dúró wo ara rẹ̀ nínú gíláàsì. Bí ẹni inú mọ́tò bá sọ gíláàsì kalẹ̀ láti béèrè ohun tó ń wá, Sylvester á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e sókè padà, mi ò tíì wo ara mi tán."

Iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe ni pé òun ń fi bàtà onítáyà dín sísanra kù lára ènìyàn. Bàtà náà ga dé ojúgun, táyà kéékèèké sì tò tẹ̀lé ara wọn lábẹ́ rẹ̀ lọ́wọ̀ọ́wọ́. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ kì í rìn, yíyọ̀ ló ń yọ̀ lọ. Eré ìdárayá gidi ni. Àwọn ọ̀dọ́ ń ṣe é ní Surulere láàárọ̀ Sọ́ńdè, òógùn á bò wọ́n, ara wọn á sì fúyẹ́. A ò bá bàtà ṣẹjọ́. Ẹni tó wà nínú bàtà la ń bá wí.

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wá, fóònù ló fi ṣíwájú.

"Màmá, ẹ wo fọ́tò yìí."

Àmúdàtù wò ó. Ọkùnrin kan ló wà níbẹ̀, ikùn rẹ̀ ti dé ibi tó ń lọ, òun fúnra rẹ̀ ṣì ń bọ̀ lẹ́yìn.

"Ta nìyí?"

"Èmi ni! Bí mo ṣe rí lọ́dún tó kọjá nìyẹn. Ẹ wá wò mí báyìí!" Ó yí po bí ìyàwó tuntun. Lóòótọ́, ikùn rẹ̀ tẹ́ bí pákó. "Bàtà onítáyà ló yọ́ gbogbo ẹ̀ dànù, Màmá."

"Má-ṣàá-Állà. Jókòó, ọmọ mi."

"Rárá o, Màmá. Ìjókòó ló ń pa àwọn èèyàn wa."

"Ó dáa, jẹ mọ́ín-mọ́ín."

"Èmi kì í jẹun ọ̀sán. Ẹ ṣáà bá mi dì í sínú ọ̀rá." Ó wo abọ́ náà lẹ́ẹ̀kan sí i. "Àti èyí tó wà lábẹ́ ẹ̀ yẹn."

Àmúdàtù dì í fún un. Ó ṣàkíyèsí pé bí ọkùnrin náà bá ti sọ gbólóhùn kan, á dúró mí ná, bí ẹni tó gbé àpò ìrẹsì gun àkàsọ̀.

Àgbàlá ni Sylvester fẹ́. Ó ní bí òun ṣe ń kọjá lẹ́nu géètì ni òun rí ilẹ̀ náà, omijé sì bọ́ lójú òun. Ó ní kí Màmá yọ̀ǹda ibẹ̀ kí òun máa fi kọ́ àwọn obìnrin àdúgbò. Ó ní nítorí Ọlọ́run ni.

Ọ̀rọ̀ náà wọ Àmúdàtù létí. Dọ́kítà ti ń pariwo ẹ̀jẹ̀ ríru lé e lórí, ó ní kó máa lo ara. Shakirat tó ń ránṣọ nílé kejì, tí Sylvester ti fi fọ́tò náà hàn, tilẹ̀ sáré wá bẹ̀bẹ̀ fún ara rẹ̀.

"Ìyá Aneesah, ẹ jẹ́ kó wá o. Ìbàdí mi yìí, bí mo bá wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá, oníkẹ̀kẹ́ á ní kí n sanwó èèyàn méjì."

Àti pé, kí a má purọ́, ariwo ẹsẹ̀ nínú àgbàlá yẹn, ó ń wu Àmúdàtù í gbọ́. Ó ní kó máa kó bàtà rẹ̀ bọ̀. Shakirat sì ti ròyìn rẹ̀ dé òpin àdúgbò kí ó tó sọ̀rọ̀ tán.

Ọjọ́ tí Sylvester kó bàtà dé nínú àpò ńlá, bàtà òkírìkà lóríṣiríṣi, Àmúdàtù wọlé lọ kírun. Sylvester rò pé ẹni tó ń kírun etí rẹ̀ ti di. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó ń bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Jude sọ̀rọ̀ lórí fóònù.

"Jude, mo ti rílẹ̀! Opó kan ló ni ín. Kò mọ̀wé rárá. Tí mo bá ti wọlé pẹ́nrẹ́n, ta ló máa lé mi jáde? Màá kan òrùlé sí i, màá kọ orúkọ mi síwájú ẹ̀ gàdàgbà, màá kọ́ yàrá mi sẹ́yìn. Kí ni? Ìyá yẹn kẹ̀? Kò burú, á máa bá wa gbálẹ̀."

Àmúdàtù sálámà sọ́tùn-ún, ó sálámà sósì. Kò-mọ̀wé kò dùn ún, òótọ́ kì í dun ẹni tó mọ̀ ọ́n. Á-máa-bá-wa-gbálẹ̀ ló gún un dé egungun. Ilẹ̀ tí Yẹ̀kínnì kúnlẹ̀ rẹ́ pẹ̀lú ọwọ́ ara rẹ̀!

Ṣùgbọ́n àdúgbò ti gbọ́ pé ó yọ̀ǹda. Bí ó bá ní òun kò ṣe mọ́, wọ́n á ní opó ahun ni, ó fẹ́ kí gbogbo obìnrin kú sínú ọ̀rá. Bí Sylvester bá sì wọlé pẹ́nrẹ́n, ó ti gbọ́ èyí tó kù. Ó ká ẹní ìkírun rẹ̀, ó jáde.

"Kóòṣì, pe àdúgbò jọ ní Sátidé, lẹ́yìn ìrun Àsárì. Wọ bàtà yẹn, kí o gùn ún láti ẹnu géètì dé ògiri ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún lójú gbogbo wọn. Bí o bá débẹ̀ ní ìdúró, àgbàlá di tìrẹ. Bí o kò bá débẹ̀ ní ìdúró, àgbàlá ṣì ni tèmi, kí á má sì gbọ́ ọ mọ́."

Sylvester rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Màmá! Ìyẹn nìkan?"

"Ṣùgbọ́n mo fẹ́ sọ fún ọ, ọmọ mi, ilẹ̀ yẹn dà o. Bàbá Aneesah jẹ́ kó dà sí apá gọ́tà, kí omi lè…"

"Màmá, ojú mi rèé, ilẹ̀ rèé. Pẹrẹsẹ ni! Ta ló kọ́ yín nípa ilẹ̀?"

"Mo ti sọ tèmi," ni Àmúdàtù wí.

Ẹni tí kì í bá ṣe bíríkìlà kò lè mọ̀. Bí oníṣẹ́ tó mọṣẹ́ bá rẹ́ àgbàlá, á jẹ́ kó dà díẹ̀, díẹ̀ tí ojú kò lè rí. Omi nìkan ló ń rí i. Omi àti táyà.

Sátidé pé. Àwọn obìnrin tò mọ́ ògiri, àwọn ọkùnrin gun orí rẹ̀. Sylvester yọ sí wọn nínú aṣọ pupa kan tó ń dán, ó fún mọ́ ọn bí èèpo ẹ̀wà. Ó fi akoto borí, ó di ẹnu géètì mú, ó bẹ̀rẹ̀ ìwàásù.

"Ẹ̀yin ará àdúgbò! Ẹni tó bá sanra, ọ̀lẹ ni! Ikùn ńlá, ẹ̀rí ọ̀kánjúwà ni!"

"Kóòṣì, ṣé èmi lẹ̀ ń bá wí?" ni Shakirat bi í.

"Ẹni tọ́rọ̀ bá kàn kó gbé e!"

Ó sún ẹsẹ̀ ọ̀tún, ó sún ẹsẹ̀ òsì. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Òun náà juwọ́ sí wọn. Kò sún ẹsẹ̀ mìíràn mọ́, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Ilẹ̀ ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

"Kóòṣì, ẹ rọra o!"

"Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n… bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń ṣe é!"

Ẹ̀rín ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti ń wá ẹni tí yóò dì mú. Ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn. Bó ṣe tẹ̀ sẹ́yìn yìí ni nǹkan kan já lábẹ́ aṣọ, tí ìrù funfun kan sì yọ nídìí rẹ̀, ó ń wọ́ tẹ̀lé e.

Shakirat ló kọ́kọ́ dá a mọ̀. "Ẹ gbà mí! Ọ̀já ni! Ọ̀já ìpọnmọ!"

Ọ̀já ni lóòótọ́, irú èyí tí àwọn ìyá ọlọ́mọ tuntun tún máa ń fi di ikùn lẹ́yìn ìbímọ kí ó lè tẹ́ padà. Abiyamọ á ká a lé ara, á ká a lé ara, á wá ki ẹnu rẹ̀ bọ inú dáadáa. Ọkùnrin wa yìí ta á ní kókó kan ṣoṣo bí okùn ṣòkòtò.

Táyà ẹ̀yìn gbé ìrù ọ̀já mì. Bó ṣe ń yí ló ń ká a, bí òwú ṣe ń wọ ẹ̀rọ ìránṣọ. Bó ṣe ń ká a ni ikùn ń jáde. Ó kọ́kọ́ yọjú díẹ̀ bí ọmọdé lójú fèrèsé, lẹ́yìn náà ló wá jáde tán bí onílé tó gbọ́ ìjà níta. Síìpù aṣọ pupa ní òun kò bá wọn dá sí i, ó sọ ara rẹ̀ nù.

"Ẹ wò ó!" ni Shakirat ké. "Ẹni inú fọ́tò ti dé!"

"Ẹ káàbọ̀ o! Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta!" ni gbogbo ògiri dá a lóhùn.

Ọ̀nà tí omi máa ń gbà ni Sylvester gbà. Kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì. Ó lọ tààrà sínú gọ́tà tó wà nídìí ògiri ìsàlẹ̀, níbi tí omi ọṣẹ ìfọṣọ Sátidé ń dúró dè é. Ó sì jókòó síbẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti ń wá, ìgbà àkọ́kọ́ tí Àmúdàtù rí i tó jókòó nìyẹn.

"Màmá! Ilẹ̀ yín dà!"

"Mo sọ fún ọ."

"Kóòṣì, ẹ kú ewu ọmọ o," ni Shakirat wí. "Akọ ni àbí abo?"

"Ẹ fà mí sókè, ẹ jọ̀ọ́."

Wọ́n fà á. Ìwọ̀n rẹ̀ kì í ṣe ìwọ̀n ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́, obìnrin mẹ́rin ló gbà. Ó fọwọ́ bo ikùn, ọwọ́ kò ká a. Síbẹ̀, ọ̀kánjúwà kì í gbọ́ ìró ìdágìrì. Ó yíjú sí Àmúdàtù, ọṣẹ ń kán létí rẹ̀.

"Màmá, mo ṣáà dé ògiri."

"O dé ògiri, ọmọ mi. Ìdúró la jọ sọ. Ìjókòó lo bá débẹ̀."

Ẹ̀rín tí wọ́n rín lọ́jọ́ náà, wọ́n gbọ́ ọ ní títì ńlá. Sylvester bọ́ bàtà, ó kó ọ̀já rẹ̀ mọ́ra, ó fi ìbọ̀sẹ̀ rìn jáde ní géètì. Kò yà gba mọ́ín-mọ́ín.

Àpò bàtà rẹ̀ kù síbẹ̀. Wọ́n pè é títí pé kó wá kó ẹrù rẹ̀, kò gbé fóònù. Shakirat bá ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀kan, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Lẹ́yìn Àsárì báyìí, àwọn obìnrin á di aṣọ ara wọn mú, wọ́n á máa yọ̀ bọ̀ láti ẹnu géètì, òógùn á bò wọ́n, igbe ẹ̀rín á gba àgbàlá kan. Àmúdàtù náà ń wọ̀ ọ́. Fóòmù bẹ́ẹ̀dì àtijọ́ kan tó fẹ́ jù nù tẹ́lẹ̀, òun ni wọ́n gbé ti ògiri ìsàlẹ̀ kí ó lè máa dá wọn dúró.

Lílọ, gbogbo wọn ti mọ̀ ọ́n. Ẹni tí yóò kọ́ wọn bí wọ́n ṣe ń dúró, wọn kò tíì rí i.