Ọjọ́ Tí Bàbá Ìran-Wa Há Sí Balùwẹ̀

Ọtí ló ń pa àwọn kan. Tẹ́tẹ́ ló ń pa àwọn mìíràn. Ti aránṣọ ìsàlẹ̀ ilé wa yàtọ̀: ìran rẹ̀ ló ń pa á bí ọtí. Kò sí ohun tí ẹ lè bá ọkùnrin náà sọ tí kò ní fi "ìran wa" dá yín lóhùn. Ẹ ní òjò fẹ́ rọ̀: "Ìran wa kì í sá fójò." Ẹ ní eyín ń dùn yín: "Eyín ìran wa kì í dunni." Ẹ ní ṣòkòtò tó rán fún yín há yín nídìí tí ẹ ò lè jókòó: "Ìran wa ò fẹ́ràn ìjókòó. Òṣìṣẹ́ ni wá!" Bí gbogbo ilé ṣe sọ ọ́ ní Bàbá Ìran-Wa nìyẹn, tó sì ń jẹ́ ẹ bí ẹni tí wọ́n fi joyè.

Ilé gogoro kan là ń gbé nígbà náà, tí yàrá pọ̀ nínú rẹ̀ bí ojúhò inú afárá oyin. Onírúurú èèyàn ló wà níbẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Bàbá Ìran-Wa wà nísàlẹ̀, ó sì dojú kọ ṣọ́ọ̀bù ọmọ Ìbò kan tó ń ṣe kọ́kọ́rọ́, tó ń tún àgádágodo ṣe. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ là ń pe ìyẹn. Ẹ má sì rò pé ẹni jẹ́jẹ́ lòun náà o! Bí Bàbá Ìran-Wa bá fọn fèrè ìran tirẹ̀, kíá ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ á fi òòlù lu irin bí agogo, á sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Èmi tí mò ń gbé lókè orí wọn gan-an, mi ò nílò rédíò.

"Nígbà tí ìran wa ti ń kí ara wọn káàárọ̀," ni Bàbá Ìran-Wa á pariwo láti ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀, "oòrùn gan-an ò tíì mọ ọ̀nà tó máa gbà yọ!"

"Kí ẹ tó kíra yín tán, àwa ti lọ síbi iṣẹ́, a ti dé!" ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ á dáhùn. "Sọ ọmọ Ìbò sínú òkun láàárọ̀. Kó tó dìrọ̀lẹ́, á ti máa ta omi fún ẹja!"

"Ẹja wo ló máa ra omi?"

"Ẹja Yorùbá ni! Tó bá ṣáà ti rí ohun tó máa fi ṣe fàájì!"

Ọ̀rọ̀ wá di ọ̀rọ̀ lọ́jọ́ tí alága àwọn ayálégbé kó jáde. Omi ò gòkè mọ́. Iná orí àtẹ̀gùn ti kú, a wá ń gun òkè nínú òkùnkùn bí eku. A lọ bá onílé, ó ní etí òun ò lè gba ariwo gbogbo wa. Ó ní kí á yan ẹnì kan ṣoṣo tí òun á máa bá sọ̀rọ̀, kí á sì yàn án ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, òun ò ní fọwọ́ kan ẹ̀rọ omi.

Kí ẹ tó ṣẹ́jú, Bàbá Ìran-Wa ti jáde dupò. "Ìran wa ló ń jọba!" Kí ẹ tó tún un ṣẹ́, Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ náà ti jáde. "Ìran wa ò lọ́ba, torí pé gbogbo wa lọba!" Ẹnìkan tún wà tó jáde, nọ́ọ̀sì òkè pátápátá. Kì í ṣe Yorùbá, kì í sì í ṣe Ìbò. Ìlú rẹ̀ jìnnà, ilé wa yìí ló ti gbọ́ Yorùbá. Ohun tó sọ kò ju pé, "Ẹ̀yìn ń dùn mí, omi tí mò ń pọ̀n ti pọ̀ jù." Kò sẹ́ni tó tilẹ̀ wo ibi tó jókòó sí.

Nígbà tí ọjọ́ Àìkú pé, à ń to àga sí ẹ̀yìnkùlé lọ́sàn-án. Bàbá Ìran-Wa ti rán kóòtù tuntun sílẹ̀, kóòtù búlúù tó ń dán bí ẹ̀yìn kòkòrò inú òdòdó. Aṣọ yẹn ló ti ń fi han àwọn oníbàárà rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́: "Àwọ̀ rẹ̀ ò lè ṣí. Ẹ fọ̀ ọ́, ẹ sè é, ẹ jó o níná! Ìran wa kì í rán aṣọ tó ń ṣí." Ó wọ kóòtù náà, ó so bọ́tìnnì dé ọrùn, ó wá wọ balùwẹ̀ ìsàlẹ̀ lọ láti lọ fi ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ dánra wò. Kí ló dé tó fi jẹ́ balùwẹ̀? Ẹ gbọ́: tí èèyàn bá sín nínú balùwẹ̀ yẹn, ẹ máa rò pé gbogbo ìjọ ló sín. Ohùn tó tóbi ló wá lọ.

Ó tilẹ̀kùn, ó yí kọ́kọ́rọ́, ó sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ títí tó fi dùn mọ́ òun fúnra rẹ̀. Ó wá yí kọ́kọ́rọ́ padà láti jáde.

Kà! Ìdajì kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀, ìdajì kù sínú ilẹ̀kùn.

Ṣé ẹ rò pé ó pariwo? Rárá o. Ìran rẹ̀ kì í pariwo. Ó fi ìka kan kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó wá kí àna. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ó fi ìkúùkù kàn án. Kò sẹ́ni tó dáhùn. Nígbà tó yá, ó gbàgbé ìran ẹnikẹ́ni.

"Ẹ gbà mí o! Ẹ̀yin ará ilé, ẹ gbà mí!"

Gbogbo wa tí à ń to àga gbọ́ ọ. Ohùn náà ń dún gbì gbì gbì bíi ti olóṣèlú.

"Ó ti ń fi dánra wò," ni bàbá tó dàgbà jù nínú ilé wí, bàbá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ rélùwéè.

"Inú ìyà ni mo wà! Mi ò rí ọ̀nà jáde!"

"Ó ń sọ̀rọ̀ àwọn tálákà báyìí," ni bàbá rélùwéè wí, ó sì mi orí.

"Ẹ ṣílẹ̀kùn fún mi! Mo bẹ̀ yín!"

"Ẹ gbọ́ òwe! Ó ní kí á ṣílẹ̀kùn fún òun!"

A pàtẹ́wọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, a pàtẹ́wọ́ fún un dáadáa. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ tó jókòó sí apá kejì fajú ro, ó ń tún táì ọrùn rẹ̀ ṣe. Ó ní, "Ta ló kọ ọ̀rọ̀ yìí fún un?"

Bàbá Ìran-Wa gbọ́ àtẹ́wọ́ wa látinú lọ́hùn-ún, inú sì bí i. Ó gbójú sókè, ó rí wíńdò kékeré kan. Ó gbẹ́sẹ̀ lé ẹnu ẹ̀rọ omi láti gun òkè. Ó ga sókè díẹ̀, ó na ọwọ́, ó kù díẹ̀ kó kàn án. Ẹ̀rọ omi náà ya kúrò lára ògiri! Omi tó kọ̀ láti gòkè wá bá wa láti ọjọ́ yìí, ojú Bàbá Ìran-Wa ló gbà lọ tààrà.

"Yéè! Mo kú!"

Ìyàwó rẹ̀ sọ àga tó gbé lọ́wọ́ sílẹ̀. "Ìyẹn ò sí nínú ọ̀rọ̀ tó fẹ́ sọ," ló wí. "Irú igbe tó máa ń ké nìyẹn tí eku bá gorí ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá." Ó sáré lọ sẹ́nu ilẹ̀kùn balùwẹ̀. Gbogbo wa tẹ̀ lé e.

"Bàbá ọmọ mi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Kọ́kọ́rọ́ ló kán sínú ilẹ̀kùn. Rọra o, má jẹ́ kẹ́nikẹ́ni mọ̀."

Ìyàwó rẹ̀ wo ẹ̀yìn, ó rí gbogbo ilé. "Ó dáa," ló wí. "Ẹ jẹ́ kí n pe Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́."

"Ta ni? Kí ọmọ Ìbò wá tú ọmọ Yorùbá sílẹ̀? Láyé! Kí n kú síbí ló dáa jù!"

"Ẹ ò ní kú. Ẹ kàn máa mọ́ ni."

Àwọn àgbà ní bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á dọṣẹ. Wọn ò sọ ohun tí àgbà máa dà tó bá pẹ́ ní balùwẹ̀. Omi ń pọ̀ sí i nínú ibẹ̀, ó ti ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn jáde. Àwọ̀ rẹ̀, búlúù ni. Oníbàárà rẹ̀ kan tó wà láàárín wa bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kàn án, ó ní, "Ṣé kì í ṣe aṣọ tí mo ní kó rán irú rẹ̀ fún mi nìyí?"

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ dé pẹ̀lú àpò irin iṣẹ́ rẹ̀. Kò sáré. Bàtà rẹ̀ ń dún kò, kò, kò. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ẹ ǹlẹ́ níbẹ̀ yẹn o. Ṣé Ìran-Wa wà nílé?"

"Ṣílẹ̀kùn, o jàre!"

"Màá ṣí i. Ṣùgbọ́n kọ́kọ́ sọ pé ìran Ìbò gbọ́n."

 Omi ń ya jáde lábẹ́ ilẹ̀kùn.

"Ẹ gbọ́n díẹ̀," ni ohùn kan wí jẹ́jẹ́.

"Mi ò gbọ́ ọ o!"

"Mo ní ẹ gbọ́n! Ṣùgbọ́n àwa la kọ́ yín!"

Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í palẹ̀ irin rẹ̀ mọ́. Ìyàwó tirẹ̀ gbá a léjìká. "Bàbá, ṣílẹ̀kùn fún èèyàn, kí omi má gbé e lọ!" Ló bá kúnlẹ̀, ó fi ẹ̀mú tẹ́ẹ́rẹ́ fa ìdajì kọ́kọ́rọ́ náà yọ, ó fi irin kan yí inú ihò ilẹ̀kùn, a gbọ́ "kẹ́rẹ́". Ó dìde, ó kọjú sí wa, ó na ọwọ́ síta. "Ó ti ṣí! Ẹ wá wo iṣẹ́ ọmọ Ìbò!"

Ó ti ilẹ̀kùn. Ilẹ̀kùn ò mì.

Ó fi èjìká tì í. Ilẹ̀kùn ò mì. Ó yọ táì ọrùn rẹ̀, ó fi ẹ̀yìn tì í, ẹsẹ̀ rẹ̀ ń yọ̀ lórí omi búlúù. Ó ń mí hẹlẹhẹlẹ.

"Ṣé o ò lè ṣí i ni?" ni Bàbá Ìran-Wa ké látinú, òun náà ń mí hẹlẹhẹlẹ. "Alágbàṣe lásán! Ìran wa ló máa ṣí i!"

"Ilẹ̀kùn yìí, àfi kó ṣí lónìí!" ni Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ wí. "Kì í rẹ ọmọ Ìbò!"

Nọ́ọ̀sì òkè wá sún mọ́ wọn. Ó gbétí lé ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Bàbá, kí lẹ ń ṣe nínú lọ́hùn-ún?"

"Mò ń tì í!"

"Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́, kí lẹ̀yin ń ṣe?"

"Ẹ ò rí mi ni? Mò ń tì í!"

"Háà," ni nọ́ọ̀sì wí. "Ẹ̀yin méjèèjì lẹ ń tì í. Èmi rò pé ẹ fẹ́ ṣí i ni."

Ẹ̀rín wa gbalẹ̀ kan! Bàbá rélùwéè di ògiri mú kó má baà ṣubú. Ìyàwó Bàbá Ìran-Wa ní kí ẹnì kan dáwọ́ dúró nínú wọn.

"Kí òun kọ́kọ́ dáwọ́ dúró!" ni ti inú wí.

"Láéláé! Kí òun kọ́kọ́ dáwọ́ dúró!" ni ti ìta wí.

Ibi tí wọ́n ti ń jiyàn ẹni tó máa kọ́kọ́ sinmi ni Bàbá Ìran-Wa ti gbẹ́sẹ̀ lé ọṣẹ. A gbọ́ gbì! Ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́ tó ti kó gbogbo agbára rẹ̀ sẹ́yìn bá ilẹ̀kùn wọlé bí ọfà tí wọ́n ta. Ó gun orí Bàbá Ìran-Wa, wọ́n jọ yí gbirigbiri nínú omi, wọ́n sì di ara wọn mú kí wọ́n lè dìde. Nígbà tí wọ́n jáde, láti orí dé ẹsẹ̀, búlúù ni wọ́n. Ó di ìgbà tí wọ́n lanu bú ara wọn ká tó mọ èwo ni Yorùbá, èwo ni Ìbò.

Onílé ò ní dúró de ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Bàbá rélùwéè ní kí á dìbò níbi tí a wà, kí oníkálùkù na ọwọ́ sókè. Ó kọ́kọ́ dárúkọ nọ́ọ̀sì. Ọwọ́ kún òkè bí igi inú igbó. Ìyàwó Bàbá Ìran-Wa na ọwọ́ méjèèjì.

"Ìyá, ẹnì kan, ọwọ́ kan."

Ó sọ ọ̀kan kalẹ̀, kò dùn mọ́ ọn nínú.

Bàbá rélùwéè dárúkọ Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́. Kò sí ọwọ́. Ìyàwó rẹ̀ ń fún omi búlúù kúrò lára táì. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò na ọwọ́, ojú ló ń tì í. Bàbá Ìran-Wa ti ọwọ́ tirẹ̀ bọ àpò kóòtù dé ìgúnpá, kí ó má lọ ṣèèṣì ga sókè.

Ó wá dárúkọ Bàbá Ìran-Wa.  Òun náà dúró ṣánṣán, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà nínú àpò, omi ń kán lára rẹ̀, ó ń wo àwọn ọmọ ìran rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹnì kan ń wo ìtàkùn ara ògiri. Ẹnì kan ń họ orí. Èmi ń wo bàtà mi.

Ọwọ́ kan ga sókè. Ọwọ́ búlúù ni. Ti Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́.

"Ìwọ?" ni gbogbo ilé wí.

"Ẹ jẹ́ kó ní ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́," ló wí. "Tí ò bá ní rárá, títí ayé ni yóò máa sọ pé àwa la jí i."

Nọ́ọ̀sì ló wọlé gẹ́gẹ́ bí alága. Ó bọ́ sọ́dọ̀ onílé lójú ẹsẹ̀, kò sì sọ̀rọ̀ ìran ẹnikẹ́ni fún un. Àwa tó kù ń kó àga wọlé. Bàbá Ìran-Wa dúró láàárín ọgbà, ó ń fún apá kóòtù rẹ̀, a rí i tí àyà rẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wú díẹ̀díẹ̀.

"Ẹ gbọ́ o, ẹ̀yin ará ilé!" ló ké. "Ẹ má gbàgbé o! Ìran wa ló borí ìran Ìbò lónìí! Èmi ní ìbò kan, òun ò ní ẹyọ kan!"

Ìyàwó rẹ̀ gbé àga kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Bàbá ọmọ mi, ìbò ta ni?"

Ó wo ọwọ́ búlúù Ọ̀gá Kọ́kọ́rọ́.  

"Ìbò... ìbò Ìbò ni."