Ọjọ́ Tí Ànjọ̀nú Olójú Méjìlá Ru Iṣu

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ìdí tí àwọn àgbà fi máa ń pa á lówe pé, "Bí gbogbo ará ilé bá di ànjọ̀nú, ta ni yóò gbé iṣu wá sídìí ìkòkò?" Ẹ ń wojú ara yín. Ẹ ń pa òwe náà lójoojúmọ́, ẹ ò sì mọ ilé tí wọ́n ti bí i. Ó dáa, ilé wa ni. Kí ẹnikẹ́ni má tàn yín pé ilé ẹlòmíràn ni.

Ìyá kan wà nílé wa láyé àtijọ́, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Nígbà ọyẹ́, tí iṣẹ́ oko bá ti dẹ̀, tí ètè gbogbo ènìyàn sì ń là, Àwẹ̀ró ló máa ń darí eré àjò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ rẹ̀. Ẹ ò lè mọ eré àjò, ó ti parẹ́. Àwẹ̀ró á fi eérú ya ọ̀nà sílẹ̀ẹ́lẹ̀, á ya odò, á ya òkè, á ya ìlú tí wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá fẹ́ ṣeré á gbé ìkarahun ìgbín kan sójú ọ̀nà náà, á sì sọ ẹni tí òun jẹ́: ọdẹ ni òun, àgbẹ̀ ni òun, oníyọ̀ ni òun. Àwẹ̀ró á wá máa ròyìn ohun tí wọ́n bá pàdé.

"Ẹ ti dé etí odò. Omi kún. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà, ó sì ń jò. Kí lẹ ó ṣe?"

Ẹni tó bá ní òun ó wa ọkọ̀ náà á ta òkòtó. Bí òkòtó bá dúró, ó gúnlẹ̀. Bí òkòtó bá dùbúlẹ̀, ó bọ́ sódò, ẹ̀rín á sì fẹ́ẹ̀ pa àwọn ìyókù.

Òfin eré náà kò le. Ohun tí o bá pe ara rẹ ni o jẹ́ títí a ó fi sọ ìkòkò kalẹ̀ lọ́jọ́ ìparí. Ohun tí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sì máa ń rù rìnrìn àjò ni ìwọ náà yóò rù wá lọ́jọ́ náà: kí àgbẹ̀ gbé iṣu wá, kí ọdẹ mú ẹran wá, kí oníyọ̀ bu iyọ̀ wá. Inú agbọ̀n onídèérí kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò ni wọ́n ń kó o sí, ẹnikẹ́ni kì í sì í ṣí i wò títí omi yóò fi hó. Gbogbo ilé á jẹ ẹ́ pọ̀. Òfin tí Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ wá fẹ́ràn jù ni pé, "Ẹni tó ní ìyá, tí ebi ń pa, tó sì lè ṣubú nìkan ni mo gbà sójú ọ̀nà mi."

Ọdọọdún ni Ládòkun, àbúrò ọkọ rẹ̀, tó máa ń ṣe àgbẹ̀, ń bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun di erin.

"Erin wo, ọkọ mi?" Àwẹ̀ró á ní. "Ẹnu ọ̀nà wo lẹ ó gbà wọlé? Ẹ padà sídìí ebè yín."

Ọdún tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, Bángbóyè, ọmọ ìlú kejì, ń fẹ́ Ìyùnadé, ọmọ-ọmọ Àwẹ̀ró. Ọmọkùnrin náà ga, ó dáa lọ́kùnrin, ẹnu rẹ̀ dùn, ó sì mọ̀ pé ẹnu òun dùn. Baba rẹ̀, Adégẹyè, ló ṣòroó tẹ́ lọ́rùn. Ó ti kọ ìyàwó nílé méjì fún ọmọ náà. Ọ̀kan gbé ọbẹ̀ tútù fún un, èkejì gbé àga tó ń mì fún un jókòó, ó ní wọn ò mọ àlejò í ṣe. Ọjọ́ tí eré àjò máa parí gan-an ni Adégẹyè ní òun ń bọ̀ wá jẹun nílé Àwẹ̀ró, lẹ́yìn náà ni òun ó tó sọ bóyá òun gbà tàbí òun ò gbà. Oorun dá lójú Ìyùnadé.

Bángbóyè ṣíwájú baba rẹ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú. Ó bá wọn nídìí eré kí wọ́n tó sọ ohun tí wọ́n jẹ́ lọ́dún náà, ó ní òun náà fẹ́ ṣe. Wọ́n fún un ní ìkarahun.

"Kí lẹ jẹ́, àna wa?" Àwẹ̀ró bi í.

"Ànjọ̀nú."

"Ta?"

"Ànjọ̀nú olójú méjìlá, Ìyá àgbà. Irin ò ràn mí, iná ò jó mi. N kì í ṣubú. Ebi kì í pa mí."

"Ṣé ẹ ní ìyá?"

"Inú àpáta ni mo ti jáde."

Àwẹ̀ró pa òkòtó mọ́wọ́. "Àna wa, àgbẹ̀ máa yẹ yín. Oko yín ò jìnnà síbí, a sì gbọ́ pé iṣu yín ta lọ́dún yìí."

Bángbóyè rẹ́rìn-ín. "Nílùú tiwa, ohun tó bá wu oníkálukú ló ń jẹ́. Àbí ẹ máa ń ká àna lọ́wọ́ kò níbí ni?"

Àwẹ̀ró ti la ẹnu tán kí Ìyùnadé tó fi ìgúnpá gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. "Ìyá àgbà, ẹ jọ̀ọ́. Nítorí tèmi."

Àwẹ̀ró gbé ọ̀rọ̀ mì. Ó korò bí ewúro tí a kò fọ̀. "Ó dáa. Ànjọ̀nú, ẹ gbé ìkarahun yín kalẹ̀."

Àfi bí ìgbà tí wọ́n ṣílẹ̀kùn fún ewúrẹ́! Ládòkun ti dìde. "Ìyàwó wa, bí àlejò bá lè di ànjọ̀nú, èmi onílé ò wá lè di erin?" Ó di erin. Kò tíì jókòó padà tó fi ní òun ti hu ìyẹ́. Jẹ́nrọ́lá, ìyàwó rẹ̀, tó ti ń ṣe ọdẹ bọ̀ tipẹ́, tó sì jẹ́ pé eku lásán kò pa rí, ní òun ti di ìjì. Ẹni tó ń ṣe elépo di òjò. Ẹni tó ń ṣe ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní àbúrò Ikú ni òun, ọmọ ìyá kan náà. Ó wá ku Ìyùnadé nìkan.

"Ìwọ náà di nǹkan!" Jẹ́nrọ́lá ní.

"Oníyọ̀ ni mí."

"Ẹ wò ó! Láàárín ànjọ̀nú, oníyọ̀!"

Ilẹ̀ mọ́, eré bẹ̀rẹ̀, Àwẹ̀ró sì gbé omi kaná. Ó ní, "Ẹkùn bẹ́ sójú ọ̀nà." Bángbóyè ní òun fi ojú méjìlá wò ó, ó kú. Ó ní, "Odò kún." Erin fò ó kọjá. Ó ní, "Òkè rèé, ó ga dé ọ̀run." Ìjì fẹ́ ẹ lọ. Òkòtó wà nílẹ̀, kò sẹ́ni tó ta á. Kò sẹ́ni tó bọ́ sódò, nítorí náà kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà tó yá, wọ́n kọjú ìjà síra wọn.

"Baálé mi, mo ti fẹ́ yín ṣubú!" Jẹ́nrọ́lá ní.

"Irọ́! Erin abìyẹ́ kì í ṣubú."

"Mo ti pa ẹ̀yin méjèèjì," àbúrò Ikú ní.

"A kì í kú!"

Àwẹ̀ró fi eérú ya ẹnubodè. "Ẹ ti dé ìlú náà. Ìyá arúgbó kan ló ń ṣọ́ ẹnubodè, ó ń se ọbẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fún òun ní iyọ̀ díẹ̀ ló máa wọlé."

Bángbóyè fẹ́ná lù ú láti ẹnu. Àwẹ̀ró ní ìyá arúgbó dúpẹ́, ó fi tan ìkòkò tábà rẹ̀. Ìjì fẹ́. Ó ní ooru ti ń mú ìyá náà tẹ́lẹ̀. Erin tẹ ẹsẹ̀ mọ́lẹ̀, ìyá ní kó rọra, ọbẹ̀ ń dà nù. Ìyùnadé nìkan ló wọlé.

Ibẹ̀ ni omi ti hó. Àwẹ̀ró ṣí agbọ̀n. Ó kọwọ́ bọ̀ ọ́, ó dojú rẹ̀ dé, ó gbọ̀n ọ́n. Iyọ̀ tí Ìyùnadé fi ewé dì ló jáde, òun nìkan.

"Ọkọ mi, iṣu dà?"

"Ṣé erin ń gbin iṣu ni?" Ládòkun ní. "Mo rò pé ẹran Jẹ́nrọ́lá á tó wa."

"Ìjì ń dẹ̀gbẹ́ ni?" Jẹ́nrọ́lá ní. "Mo rò pé iṣu yín á tó wa."

Ẹnu ibẹ̀ ni wọ́n wà tí wọ́n fi gbọ́ ohùn Adégẹyè lẹ́nu ọ̀nà: "Ẹ kú ilé o! Ebi ọ̀nà yìí ò mọ àgbà o!"

Kí ni Àwẹ̀ró ó ṣe? Ìkòkò ti hó, àlejò ti jókòó. Ó da iyọ̀ sómi, ó bù ú sígbá, ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún àna. Adégẹyè fẹ́ atẹ́gùn sí i, ó tọ́ ọ wò.

"Iyọ̀ rẹ̀ tó," ó ní. Ó yẹ ìsàlẹ̀ igbá wò. "Ọbẹ̀ ńkọ́? Ta ni àgbẹ̀ ilé yìí?"

Ládòkun wúkọ́. "Mo ti ṣe àgbẹ̀ rí, àna wa. Erin ni mí báyìí. Mo ní ìyẹ́."

Adégẹyè gbé igbá kalẹ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó nawọ́ mú ọ̀pá rẹ̀. Ìyùnadé bo ojú. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Àna wa, ẹ má bínú. Bí gbogbo ará ilé bá di ànjọ̀nú, ta ni yóò gbé iṣu wá sídìí ìkòkò?"

"Ta ló kọ́kọ́ di ànjọ̀nú?"

Kò sẹ́ni tó nàka. Ṣùgbọ́n ikùn Bángbóyè, tí ebi kì í pa, kùn bí àpótí tí wọ́n ń wọ́ nílẹ̀. Baba rẹ̀ yíjú sí i.

"Ìwọ ni? Ojú mélòó?"

"Méjìlá, Baba."

"Irin ò ràn ọ́?"

"Kò ràn mí, Baba."

"Ẹrù ò lè wúwo lórí rẹ nígbà náà. Ojú kọ̀ọ̀kan, iṣu kọ̀ọ̀kan. Oko wa ò jìnnà."

Oòrùn ti ń rẹlẹ̀ kí Bángbóyè tó yọ, iṣu méjìlá lórí, ọrùn rẹ̀ ti wọnú èjìká. Ó gbé ẹsẹ̀ kọjá ìloro, ó tẹ òkòtó tí kò sẹ́ni tó ta, ó sì nà gbalaja sórí ẹnubodè eérú, iṣu fọ́n káàkiri.

"Ó dùbúlẹ̀," Àwẹ̀ró ní.

Adégẹyè fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó rín títí ọ̀pá fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Erin ń rẹ́rìn-ín, ìjì ń rẹ́rìn-ín, àbúrò Ikú ń nu omijé. Wọ́n bẹ iṣu sínú ìkòkò, wọ́n sì sun díẹ̀. Bángbóyè, tí eérú bò bí ọ̀bọ, nawọ́ sí iṣu sísun.

Ìyùnadé fa iṣu náà sẹ́yìn. "Ebi kì í pa ànjọ̀nú. A ò tíì sọ ìkòkò kalẹ̀."

"Àgbẹ̀ ni mí."

"Ṣé o ní ìyá?" Àwẹ̀ró bi í. Kò sọ "ẹ" mọ́.

"Mo ní ìyá o, Ìyá àgbà! Ẹ dákun, ẹ má sọ fún un pé mo ní inú àpáta ni mo ti jáde."

Adégẹyè mú iṣu, ó tẹ̀ ẹ́ wò, ó gbóná. Ó ní, "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń wá ilé tí wọ́n á ti mú ọmọ yìí ru iṣu. Mo gbà."

Bángbóyè àti Ìyùnadé ló bí Ọláníhùn, Ọláníhùn ló bí ìyá tó bí mi. Ẹ ò lè bá mi jiyàn rẹ̀. Títí Bángbóyè fi darúgbó, bí ọyẹ́ bá ti dé, tí wọ́n bi í pé kí ló jẹ́ lọ́dún yìí, àgbẹ̀ ni, àgbẹ̀ ṣáá ni, iṣu á sì ti wà lábẹ́ abíyá rẹ̀ kó tó fẹnu sọ ọ́. Nítorí òun ló mọ̀ ọ́n jù wá lọ, ọrùn rẹ̀ ló fi kọ́ ọ: bí gbogbo ará ilé bá di ànjọ̀nú, ta ni yóò gbé iṣu wá sídìí ìkòkò?